Ibi tí Enoch Ti Ń Yíjú

“Bí Enoch Ramey bá jí dìde lónìí tó gbọ́ báńjò mi,” ni Delphus wí, “ọwọ́ ara rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò, bóyá òun kọ́ ló ń ta á. Mo ti sọ ọ́, kí ẹni tí kò bá gbà bọ́ síwájú! Kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín èmi àti olóògbé.”

“Ìyàtọ̀ kan wà,” ni Garland ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá a lóhùn. “Olóògbé ti dákẹ́.”

Delphus kò tilẹ̀ wo apá ibẹ̀. Ó jókòó gẹlẹtẹ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ nísàlẹ̀ òkè ìsìnkú, ó gbé báńjò lé itan, ikùn rẹ̀ sì ti báńjò náà síwájú bí ẹni ń ti ìlẹ̀kùn. Ọjọ́ tí gbogbo ará àfonífojì Greasy Lick ń fi òdòdó bo sàréè àwọn èèyàn wọn ni. Àwọn obìnrin ti gòkè lọ pẹ̀lú òdòdó rọ́bà àti ọkọ́. Adìyẹ díndín àti búrẹ́dì àgbàdo ń dúró lábẹ́ aṣọ nínú ọkọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń retí: Coy, ọmọ Delphus, tó yẹ kó bá bàbá rẹ̀ gbé Ìyá Mossie gòkè.

Ìyá Mossie ni opó Enoch. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e gun òkè mọ́, nítorí náà, lọ́dọọdún ni wọ́n ń gbé e lórí àga ilé ìdáná rẹ̀ bí ayaba. Ó jókòó sórí àga náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ọkọ̀, ó di àpò rẹ̀ mú lórí itan, kò dá sí ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn èèyàn gbà pé etí rẹ̀ ti di. Etí rẹ̀ kò di rárá. Ọ̀rọ̀ wọn ló ti sú u.

“Gbọ́ eléyìí,” ni Delphus wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta Omi Bo Afárá, orin Enoch. Èékánná rẹ̀ ń lu okùn wá sísàlẹ̀, àtàǹpàkò ń ta okùn kúkúrú lókè, orin náà ń ya bọ̀ bí omi òjò nínú kòtò. Lójijì, láàárín orin, ọwọ́ rẹ̀ dúró gbagidi. Ó yíjú sí òsì, ó ń wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn òkè. Lẹ́yìn náà ó yíjú padà, orin sì tún gbéra bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

“Ìdákẹ́ Enoch!” ó kígbe. “Mo kéré nígbà náà, orí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ ni mo jókòó sí, mo fojú mi méjèèjì rí i. Àwọn yòókù ń ta báńjò bí ẹni ń lé ewúrẹ́ jáde nínú oko ẹ̀wà. Enoch nìkan ló mọ̀ pé orin gbọ́dọ̀ mí!”

“Shade Pelfrey ni atabáńjò tèmi,” ni Garland wí. “Ẹ̀rọ ìlagi gé ìka rẹ̀ méjì, ó fi èyí tó kù ta á, kò fo ohùn kan. Ìka Enoch pé mẹ́wàá, ó ń dúró láàárín ọ̀nà bí ọkọ̀ tí epo tán nínú ẹ̀.”

“Shade! Shade tó ń dún bí agolo tí wọ́n so mọ́ ìrù ajá!”

“Kó máa dún bẹ́ẹ̀. Nígbà tí obìnrin mi kó ẹrù ẹ̀ jáde, Shade ni mo rántí. Mo ní, Garland, èyí tó kù sí ẹ lọ́wọ́ ni kó o fi ta á.” Ó sọ ọ́ bí àwàdà, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín sí i.

Ohùn Delphus náà wálẹ̀. “Lọ́jọ́ tí a sin ìyá Coy, kò sẹ́ni tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo ta orin yìí. Mo dé ibi ìdákẹ́, mo yíjú. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún, ẹnì kankan ò sì rí mi. Enoch ló fi àyè yẹn sílẹ̀ fún mi.” Ó fọn imú. “Mo sì fi gba ife ẹ̀yẹ níbi ìdíje! Adájọ́ gan-an sunkún!”

“Adájọ́ yẹn? Eruku ló kó sí i lójú.”

Ibi tí wọ́n bá a dé nìyẹn tí ọkọ̀ Coy fi yà wọlé. Kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún, ẹnu iṣẹ́ nínú ihò èédú ló ti ń bọ̀ tààrà. Ó ti wẹ̀, ṣùgbọ́n èédú ṣì lé ojú rẹ̀ yíká bíi tìróò. Inú Delphus dùn débi pé ó fò sọ̀kalẹ̀.

“Ẹ wò ó! Ẹ wo ọkùnrin! Láti ìgbà tí mo ti bẹ ọ̀gá wọn kó gbà á, kò pa iṣẹ́ jẹ rí! Àwọn ọmọ yòókù ń ṣàìsàn lọ́jọ́ Ajé, tèmi ò mọ ohun tó ń jẹ́ àìsàn!”

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé Màmá,” ni Coy wí. “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, Màmá. Ẹ kú ìnáwó òdòdó.”

“Ọwọ́ ẹ tutù,” ni Ìyá Mossie wí.

Garland kó báńjò Delphus àti ti Coy dání. Delphus di ẹsẹ̀ àga mú níwájú, Coy di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ sì wà létí arúgbó náà gẹ́lẹ́. Wọn kò tíì dé ìdajì òkè tí Coy fi ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀.

“Okùn bàtà mi,” ni Coy wí.

Wọ́n tún gbé e. Wọ́n tún rìn díẹ̀. Okùn bàtà tún tú.

“Bàtà wo ni?” ni Delphus fi ṣe yẹ̀yẹ́. “Obìnrin tí kò wúwo tó àpò ẹ̀wà! Garland, gbọ́, ṣé kí a gbé Coy náà sórí àga?”

“Fi ọmọ yẹn sílẹ̀,” ni Ìyá Mossie wí. Ó ti fẹ̀yìn ti àga, ó gbé orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń tẹ́tí sílẹ̀. Títí wọ́n fi dé òkè, kò gbé orí yẹn kúrò níbẹ̀.

Báńjò kì í wọ inú ọgbà sàréè. Ìjọ wọn gbà pé ohùn ẹnu tí Ọlọ́run dá ló yẹ ká fi yìn ín, nítorí náà ìta wáyà tó yí ọgbà ká ni báńjò ń dúró, kò sì gbọdọ̀ dún títí alàgbà á fi gbàdúrà parí. Ẹ̀bá wáyà gan-an ni sàréè Enoch wà. Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ ní àyè ló há. Delphus ní rárá o, kí Enoch lè máa gbọ́ orin ni.

Alàgbà dá orin, ìjọ gbè é, ohùn wọn ń wọ́ lọ lórí òkè bí èéfín. Wọ́n gbàdúrà. Wọ́n ṣe àmín. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi oúnjẹ, àwọn mẹ́rin yìí sì kù: Ìyá Mossie lórí àga rẹ̀, Garland tó fara ti òpó wáyà, àti bàbá àti ọmọ tó fẹ́ ta Omi Bo Afárá fún Enoch bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún.

Ohun tó máa ń wu Delphus jù láyé nìyí. Ó ti kọ́ Coy láti kékeré: ọwọ́ méjèèjì á dúró pọ̀, orí méjèèjì á yí sí òsì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á padà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àlejò ti ń wá láti ìlú ńlá wá ya fọ́tò rẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ dáadáa. Ìdákẹ́ ṣì jìnnà tí báńjò Coy fi dá wáí.

“Kí ló dé?”

“Kò sí nǹkan. Ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀.”

Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Coy tún dúró, níbòmíràn. Ó yíjú, ó fi ìka ọwọ́ rẹ̀ dí ẹnu.

Delphus na báńjò síwájú bí ẹni fẹ́ fi lu èèyàn. “Lójú sàréè rẹ̀! Lójú opó rẹ̀! O lè dúró níbi tí kò yẹ ní ilé ẹ, ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ ba orin Enoch jẹ́ níbí!”

“Kò bà á jẹ́,” ni Ìyá Mossie wí.

“Màmá, ẹ ò gbọ́ dáadáa ni. Ibi tó dúró sí kọ́ ni Enoch ń dúró sí.”

“Ibi gbogbo ni Enoch ń dúró sí. Ọjọ́ tí ìwọ wá, ibẹ̀ yẹn ló bọ́ sí.” Arúgbó náà ṣí àpò rẹ̀, ó mú áńkáṣíìfù jáde, ó nà án sí Coy láìwojú rẹ̀. “Delphus, nígbà tí ọkọ mi yíjú, kí lo rò pé ó ń wò?”

“Mo rò pé ó… Mo rò pé ó ń tẹ́tí sí nǹkan.”

“Ikọ́ ló ń wú. Tí ọmọdé bá wà níbẹ̀, á pa á mọ́ ẹnu kó má bàa dẹ́rù bà yín. Tí ẹ bá lọ tán, á tu itọ́ dúdú sínú agolo. Tolliver, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó kọ́ ọkọ mi lórin yẹn nígbà tí wọ́n jọ ń ṣe ojú irin, kò dúró níbì kankan. Enoch náà kò dúró nígbà tó ń fẹ́ mi, kó tó wọ ihò èédú. Tó bá bẹ̀rẹ̀, àfi kó o di àga mú.”

Garland ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

“Ikọ́! Ah, mo kú o! Delphus, ikọ́ lo fi gba ife ẹ̀yẹ! Gbogbo àfonífojì ń kọ́ ọmọ wọn ní ikọ́! Adájọ́ ń sunkún torí…” Ó wo Coy tó ń fi áńkáṣíìfù arúgbó nu ẹnu. Ó rí itọ́ dúdú lára aṣọ náà. Ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu, kò sì mọ ibi tó máa gbé ojú sí.

“Coy,” ni Ìyá Mossie wí, “ṣé orí àga lo ti ń sùn báyìí?”

“Láti ìgbà òtútù, Màmá. Tí mo bá dùbúlẹ̀, ó ń dà bíi pé wọ́n jókòó lé mi láyà.”

“Àga tí mo jókòó lé yìí ni Enoch sùn lé títí ó fi kú.”

“Kí lẹ ń sọ?” ni Delphus pariwo. “Kí ni gbogbo yín ń sọ? Ọmọdé ni! Àwọn tó lo gbogbo ayé wọn nínú ihò ni nǹkan yẹn ń ṣe!”

“Nígbà tí èédú ṣì nípọn nìyẹn, Bàbá. Ó ti tín-ín-rín báyìí. Òkúta là ń gé ká tó rí i. Eruku òkúta ò ní sùúrù.” Coy ká áńkáṣíìfù náà sínú ọwọ́. “Dókítà ti ya fọ́tò àyà mi. Ó ní kí n má wọ ihò mọ́.”

“Ìgbà wo?”

“Kí yìnyín tó yọ́.”

“O sì ń wọlé lọ?”

“Iṣẹ́ wo ló tún wà níbí? Ẹ̀yin náà sì ti sọ fún gbogbo ayé pé mi ò pa iṣẹ́ jẹ rí.”

Delphus, tó jẹ́ pé ibi òṣùwọ̀n èédú níta ihò ló ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀, nínú afẹ́fẹ́ àti oòrùn, tí àyà rẹ̀ ṣì ń dún bí àgbá, gbé báńjò rẹ̀ kalẹ̀ sórí koríko. Ó wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá.

“Ta á,” ó wí jẹ́jẹ́. “Má dúró. Ta á lọ tààrà fún mi, lẹ́ẹ̀kan péré. Jẹ́ kí n rí i pé irọ́ ni.”

“Bàbá.”

“Mo bẹ̀ ẹ́.”

Coy gbé báńjò. Ó ta á bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó kọjá ibi tó kọ́kọ́ dúró sí. Ó kọjá ìkejì. Ó dé ibi ìdákẹ́ Enoch, ó fẹ́ kọjá ibẹ̀ pẹ̀lú, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró gbagidi. Ó yíjú sí òsì. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, ètè rẹ̀ dì pa, omi sì ń dà lójú rẹ̀ bó ti ń pa á mọ́ ẹnu. Ìgbà yìí ni Delphus rí i dáadáa. Bó ṣe rí lórí àtẹ̀gùn ìjọ́sí nìyẹn gẹ́lẹ́, kò yẹ̀, kò fi ibì kan sílẹ̀. Òun ló rò pé Enoch ń wo ọ̀run.

“Mú àmì iṣẹ́ ẹ wá,” ni Delphus wí.

“Ọjọ́ Ajé ni mo tún máa wọlé.”

“O ò wọlé lọ́jọ́ Ajé. Mú un wá. Èmi ni mo bẹ ọ̀gá wọn kó gbà ẹ́, èmi náà ni mo máa lọ sọ fún un pé ó parí. Kí wọ́n pè ẹ́ ní ọ̀lẹ, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ bá jà.”

Coy ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú àmì idẹ roboto tí wọ́n fín nọ́ńbà rẹ̀ sí jáde, èyí tó máa ń kọ́ sára pátákó tó bá fẹ́ wọ inú ihò. Ó fi lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

Delphus na ọwọ́ kọjá wáyà, ó gbé idẹ náà lé orí òkúta sàréè Enoch, láàárín àwọn òdòdó rọ́bà. Ó ṣí fìlà. Garland ṣí tirẹ̀. Coy tẹrí ba. Delphus gbé àyà sókè, ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ọmọ ọmọ á máa rántí.

“Enoch,” ó bẹ̀rẹ̀, “èyí tí a gbà lọ́wọ́ rẹ láìmọ̀…”

“Mú nǹkan yẹn kúrò níbẹ̀,” ni Ìyá Mossie wí. “Ẹ̀rọ ìgékoríko á gbá a.”

Arúgbó náà wo ìsàlẹ̀ òkè, ó wo Coy, ó wo ikùn Delphus, ó wo Garland láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ta ló wá máa gbé mi sọ̀ kalẹ̀?”