Ẹfúùfù Kọ̀, Kò Fò

Ká ní wọ́n ń fi irọ́ inú rírun joyè ni, Ẹfúùfù ì bá ti dé adé. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ ni, eré sísá ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Bí ìdánwò ìṣirò bá ti ku ọ̀la, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Bí ìdánwò bá ti kọjá, ara á yá. Ìyá rẹ̀, aránṣọ tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ, mọ ọgbọ́n yìí bí ẹní mowó. Nígbà tí ọmọ náà ní ìdodo ń dun òun lánàá, ìyá ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, ara ọmọ gbóná, ó sì bì sórí aṣọ oníbàárà. Ni ìyá bá gbé e dìde, ó di ilé ìwòsàn.

Obìnrin ni dókítà tí wọ́n bá níyàrá àwọn ọmọdé. Ó kúrú débi pé orí àpótí ló máa ń dúró sí kó tó lè yẹ ọmọ wò lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò tíì fọwọ́ kan Ẹfúùfù tí ìyẹn fi sọ pé inú tó ń run òun ti dáwọ́ dúró.

"Wọ́n fẹ́ sáré ìje nílé ìwé wọn lónìí, mà," ni ìyá wí tayọ̀tayọ̀. "Èmi gan-an ló rán ṣòkòtò tó fẹ́ fi sá a. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan sí i, Mọ́mì." Dókítà gbé ọwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ lé e níkùn, ó gbé tiẹ̀ lé orí ọwọ́ náà, ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti apá òsì. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, Ẹfúùfù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ìyá rí. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó ká kò ni dókítà rí.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Sọ̀kalẹ̀, kó o fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan fò fún mi."

Ìyá pàtẹ́wọ́. "Fò fún wọn, Ẹfúùfù! Fò, ká máa lọ ilé!"

Ẹfúùfù sọ̀kalẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì sókè. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń bẹ̀ pé kó má fo gọ́tà mọ́!

"Mọ́mì, mi ò fẹ́ fò."

Àyà ìyá já. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a; irọ́ eléyìí ò tiẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ìgbà tí inú ò run ọmọ yìí ló ń pariwo, ọjọ́ tó wá run ún gidi ló dákẹ́, nítorí eré sísá.

"Apẹ́ńdíìsì ni," ni dókítà wí. "Ìfun kékeré kan bí ìka ọmọdé, ó ti wú. Kò gbọ́dọ̀ bẹ́ síkùn ọmọ yìí o! Ẹ bá mi pe àwọn oníṣẹ́ abẹ!"

Ọ̀rọ̀ wá di bó ò lọ, o yà fún mi. Wọ́n gbé Ẹfúùfù sórí bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́sẹ̀ táyà, nọ́ọ̀sì méjì ń tì í, ìyá ń sáré tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ọmọ gbórí sókè.

"Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì yìí ò mà mọ eré sá o!"

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún pa pọ̀. Ó sunkún lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ títí tí ìlẹ̀kùn fi ṣí, tí dókítà sì jáde, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì juwọ́.

"A bá a kó tó bẹ́, Mọ́mì! A bá a!"

Ìyá gbé dókítà kúrò nílẹ̀ pátápátá, ó fì í yí po.

Nígbà tí Ẹfúùfù lajú, ìyá fẹnu sí i létí. "Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

Ọmọ náà di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

"Ó ń dùn mí, Mọ́mì."

Kò tíì pa ẹnu dé tí ìyá rẹ̀ fi ti sáré jáde lọ pe nọ́ọ̀sì.