Ta Ló Kàn Nínú Èésú Toyibat?

"Èmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ kó o fún," ni Mùnírù wí. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà rẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. "Ẹ wo táyà ẹ̀yìn mi. Ó ti dán bí orí apárí."

Bàbá Ọ̀ṣunníyì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìmásàyí, rọra tẹ fìlà rẹ̀ mọ́rí. Òun ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé kí Mùnírù tó dé. "Àgbà ló ń kọ́kọ́ bọwọ́ sáwo," ó ní. "Ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń jà sí."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, aláboyún ńkọ́?" Àrìnpé aránṣọ dá sí i, ó fọwọ́ gbé ikùn rẹ̀ tó ti yọ síwájú dáadáa. "Ṣé ẹ fẹ́ kí n fi ẹnu lásán ṣe ìkómọ ni?"

Toyibat dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Àárọ̀ Sátidé ni, aṣọ tó fi sùn ṣì wà lára rẹ̀. Ó tu ìfófòó ẹnu rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó wá béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kó.

"Èésú ni," gbogbo wọn dáhùn pọ̀.

"Èésú wo?"

"Èésú géèmù," Mùnírù ní. "Gbogbo wa la ti dá a. Ṣé kò yẹ ká mọ ẹni tó kàn láti kó o ni?"

Toyibat bojú wẹ̀yìn, bóyá ìyá rẹ̀ wà nítòsí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Toyibat ló ṣe géèmù kan sórí fóònù, ó pè é ní Àgò Nílé. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àbẹ̀ní ló wà nínú rẹ̀. Àbẹ̀ní á gbé ẹrù karí, á gba ọ̀nà igbó, á máa yẹra fún màlúù, fún òjò, fún ajá ọlọ́dẹ àti fún ọlọ́kadà tó ń sáré àsápajúdé, títí yóò fi dé ilé ẹni tó ni ẹrù, tí yóò sì ké pé, "Àgò nílé o!" Ó kàn jẹ́ pé kò tíì dé ilé ẹnikẹ́ni rí. Bó bá ti dé etí odò Yewa, ojú fóònù á dúdú, nítorí ibẹ̀ ni Toyibat ṣe é dé.

Síbẹ̀, àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni máa kú. Láti oṣù kẹjọ tí ìjọba ti ti ẹnubodè, ọ̀pọ̀ ló ti káwọ́ gbera. Ọlọ́kadà kò rí èrò gbé lọ sí ìhà Ìmẹ̀kọ mọ́, oníṣòwò kò rí ọjà kó. Wọ́n ń fi géèmù náà ránṣẹ́ láti fóònù dé fóònù, láti Ayétòrò dé Ìmásàyí, dé Ìlóbí, ó dé Owódé pàápàá. Bí ojú fóònù bá sì ti dúdú létí odò, wọ́n á pe Toyibat: "Ìgbà wo ni Àbẹ̀ní máa sọdá?"

Àbẹ̀ní kò lè sọdá, torí kọ̀ǹpútà Toyibat ti kú, gbogbo ẹni tó ń tún un ṣe ní Ayétòrò ló sì ti bá a kẹ́dùn. Toyibat wá kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé kí àwọn olólùfẹ́ géèmù náà dáwó jọ kí òun lè parí rẹ̀. Ẹnì kan dá díẹ̀ láti Kánádà. Ẹlòmíràn kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ọlọ́run á ṣe é." Àwọn tó fẹ́ràn géèmù náà jù lọ kò ní káàdì báńkì, àwọn tó sì ní in kò ṣe tán láti gbé owó wọn fún ojú fóònù.

Ìyá rẹ̀, Sàlímọ́tù, ló gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwo ni Sàlímọ́tù ń tà. Kétu, lódìkejì ẹnubodè, ló ti máa ń kó o wá, lọ́dọ̀ Mẹ̀dínátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lọ́kọ síbẹ̀. Ìgbà tí ẹnubodè tì, ó di ẹni tó ń gbá ilé tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ta ló ń fowó fún ẹni tí kò rí lójú?" ó bi ọmọ rẹ̀. "Dárúkọ wọn fún mi."

Sàlímọ́tù kò mọ géèmù, kò sì fọwọ́ kan án rí, àmọ́ ó mọ èèyàn. Toyibat ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ti ń ṣe olórí èésú lọ́jà. Ó gba ilé dé ilé, kò sì pẹ́ tí owó fi pé. Wọ́n ra kọ̀ǹpútà. Wọ́n sanwó fún Ìbídàpọ̀, ọmọkùnrin tó ń bá wọn ṣe ohùn ẹyẹ àti ohùn òjò sínú géèmù ní Abẹ́òkúta. Owó tán, Àbẹ̀ní sì ti ń gun afárá.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ni pé, ní Ayétòrò, bí Sàlímọ́tù bá gbowó lọ́wọ́ èèyàn, onítọ̀hún kì í béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ìgbà tó máa kan òun ló máa ń béèrè.

Sàlímọ́tù ti ibi ẹ̀rọ dé pẹ̀lú ike ògì lọ́wọ́, ó kí àwọn àlejò tẹ̀rín-tẹ̀rín. Toyibat fà á wọlé.

"Màmá, kí lẹ sọ fún wọn nígbà tí ẹ ń gbowó?"

"Mo ní kí wọ́n dáwó géèmù."

"Ṣé ẹ sọ fún wọn pé wọn ò ní kó o?"

Sàlímọ́tù gbé ike sílẹ̀. "Ta ló ń sọ irú ẹ̀ fún èèyàn?"

Toyibat ṣàlàyé ohun táwọn ará ìta bá wá. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ẹ̀rín ń kúrò lójú ìyá rẹ̀. Sàlímọ́tù wá àga, ó jókòó. Ẹ̀rù bà á, kò sì fi pa mọ́.

"Látọjọ́ tí mo ti ń ṣe olórí èésú, ẹnikẹ́ni ò dá a kó má kó o," ó ní. "Ẹni tó kú pàápàá, mo gbé tiẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀. Wọn ò ní torí géèmù pè mí ní gbájúẹ̀ nígbà tí mo ti ń darúgbó. Gbé kọ̀ǹpútà yẹn wá. A máa tà á."

"Màmá!"

"Gbé e wá, mo ní. Orúkọ mi ni mo fi ń jẹun."

Omijé dà lójú Toyibat, àmọ́ kò jiyàn. Ó gbé kọ̀ǹpútà náà mọ́yà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ jáde.

"Ẹ má bínú," Sàlímọ́tù sọ fún àwọn àlejò. "Ẹ̀rọ yìí la fi owó yín rà. A máa tà á, kí kálukú lè gba tiẹ̀."

Mùnírù fò sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. "Kí ẹ ta kí ni? Ta ló máa wá mú Àbẹ̀ní sọdá?"

"Orí afárá lẹ fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ sí?" Àrìnpé pariwo.

"Mo ti darúgbó," Bàbá Ọ̀ṣunníyì ní. "Mi ò fẹ́ kú láìmọ ohun tó wà lódìkejì odò yẹn."

Toyibat nu ojú rẹ̀. "Ó dáa. Ṣé ká wá gbàgbé ọ̀rọ̀ èésú?"

Wọ́n wo ara wọn lójú.

"Rárá o," Mùnírù ní. "Èésú lèésú ń jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ kárí."

Àwọn èèyàn yìí fẹ́ kó èésú, wọ́n sì fẹ́ kí owó èésú wà nínú kọ̀ǹpútà. Sàlímọ́tù bojú wo òkè, bóyá Ọlọ́run á dá sí i. Toyibat ní tirẹ̀ wo ẹ̀rọ tó wà ní àyà rẹ̀, ó rántí afárá tó ń yà lọ́wọ́, ó sì rántí pé òun ò tíì mọ ibi tí ọ̀nà ẹ̀yìn afárá náà ń lọ.

"Bọ̀dá Mùnírù," ó ní, "bí Àbẹ̀ní bá sọdá, ilé ta ni kó gbé ẹrù lọ?"

"Ìwọ lo mọ̀. Ṣebí ìwọ lo ṣe é."

"Mi ò tíì mọ̀. Bó bá jẹ́ ilé yín ńkọ́?"

Mùnírù sún mọ́ ọn.

"Ọ̀sẹ̀ tó bá kàn yín, ilé yín ni Àbẹ̀ní máa lọ. Gbogbo ẹni tó ní géèmù yìí lórí fóònù, ẹnu ọ̀nà yín ni wọ́n á ti máa kágò. Tó bá dọ̀sẹ̀ kejì, ó di ilé ẹlòmíràn, títí á fi kárí gbogbo ẹni tó dá a."

"Pẹ̀lú ọ̀kadà mi lẹ́nu ọ̀nà?"

"Pẹ̀lú ọ̀kadà yín."

"Kí táyà ẹ̀ jẹ́ tuntun o."

"Tuntun ló máa jẹ́."

Mùnírù bú sẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́. Bàbá Ọ̀ṣunníyì béèrè bóyá igi máńgòrò òun lè wọ inú rẹ̀. Toyibat ní ó lè wọ̀ ọ́. Bàbá ní kó rí i pé ó so o. Àrìnpé ní aṣọ ọmọ ni kí Àbẹ̀ní gbé wá fún òun, kó má sì ṣe gbé ti ọkùnrin nìkan wá, torí òun ò tíì mọ ohun tí òun máa bí.

Kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ ìjà àkọ́kọ́, Sàlímọ́tù ti wúkọ́ bí olórí. "Bàbá ló máa kọ́kọ́ kó o. Mùnírù tẹ̀ lé e. Àrìnpé, dúró de oṣù ìbí rẹ. Olórí èésú ló ń kẹ́yìn, bó ṣe wà nìyẹn." Ó gbé ike ògì rẹ̀, ó wọlé, kò sì pẹ́ tí Toyibat fi gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ ní ilé ìdáná.

Ní ọ̀sẹ̀ Bàbá Ọ̀ṣunníyì, ẹni tí kò dé Ìmásàyí rí ti mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Obìnrin kan tó ti Ìlóbí wá ta ẹ̀gẹ́ rí igi máńgòrò náà lójú ọ̀nà, ó dúró, ó kágò tọkàntọkàn. Bàbá fún un ní máńgòrò, ó ń rìn kiri àdúgbò títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé òun ti kó èésú.

Nígbà tó kan Mùnírù, ẹni tó ń lẹ táyà ní oríta kágò nílé rẹ̀ lórí fóònù, ó rí táyà tuntun, ó wá bojú wo táyà tòótọ́ tó wà níwájú rẹ̀. Ó ní ojú ń ti òun. Ó fún Mùnírù ní tòkunbọ̀ kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀sẹ̀ Àrìnpé gan-an ni Àrìnpé bí obìnrin, wọ́n gba igbe ọmọ náà sílẹ̀, Ìbídàpọ̀ sì fi í sínú géèmù. Bí Àbẹ̀ní bá ti kágò, ọmọ ló ń dáhùn. Àwọn mìíràn ń wá láti dá tiwọn, Sàlímọ́tù ní kí wọ́n dúró de ìyípo kejì. Kò ráyè gbálẹ̀ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ló yí títí ó fi ku Sàlímọ́tù nìkan.

"Màmá, ẹ̀yin ló kàn," Toyibat sọ fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

Ẹ̀wà ni Sàlímọ́tù ń ṣà. "Kí ni màá fi ṣe? Ilé mi nìyí, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n." Ó ṣà á síwájú díẹ̀. "Ṣé dandan ni kó jẹ́ ilé tèmi?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ín. Ibi tó bá wù yín ni."

"Kó gbé ẹrù náà lọ sọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n mi ní Kétu."

Toyibat gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Látìgbà tó ti ń ṣe géèmù náà, kò fi ẹnubodè sínú rẹ̀ rí. Ó mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún un ni, torí kò mọ bí òun ṣe máa yà á kí inú ẹnikẹ́ni má bàjẹ́.

"Bó bá máa dé Kétu, Màmá, mo gbọ́dọ̀ ya ẹnubodè."

"Yà á."

"Bó ṣe wà?"

"Bó ṣe wà."

"Ó tì, Màmá."

Sàlímọ́tù ju ẹ̀wà kan tó ti bàjẹ́ dànù. "Bó ṣe wà kó tó tì ni mò ń wí. Aṣọ́bodè kan wà níbẹ̀ tó máa ń pè mí ní Ìyá Aláwo. Fi òun náà sí i."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, iwájú ilé Sàlímọ́tù kún. Wọ́n gbé fóònù lé e lọ́wọ́, torí wọ́n ní ẹni tó kó èésú kì í rán èèyàn lọ gbà á. Mùnírù jókòó tì í, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Sàlímọ́tù já sódò. Ó tún já sódò. Màlúù tì í ṣubú, ó sì gbé màlúù náà ṣépè débi pé Àrìnpé fi ọwọ́ bo etí ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rín pa gbogbo wọn.

Nígbà tó yá, ó sọdá odò, ó gba ọ̀nà Ìmẹ̀kọ, ó dé ẹnubodè. Igi tí wọ́n fi ń dínà ti wà lókè. Aṣọ́bodè náà juwọ́ sí i. "Ẹ kú àbọ̀, Ìyá Aláwo."

"Ẹ kú iṣẹ́ o," Sàlímọ́tù dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kò rántí pé fóònù lòun ń bá sọ̀rọ̀.

Ilẹ̀kùn aláwọ̀ búlúù kan yọ lábẹ́ igi dóńgóyárò. Sàlímọ́tù mọ̀ ọ́n. Ó tẹ̀ ẹ́, Àbẹ̀ní sì ké pé, "Àgò nílé o!"

"Àgò yà o!"

Ohùn náà kì í ṣe ti Ìbídàpọ̀. Ó há díẹ̀, ó sì ń fa ọ̀rọ̀ bí àwọn ará Kétu ṣe ń fà á. "Sàlímọ́tù, ṣé ìwọ nìyẹn? Wọlé, jàre. Kí lo dúró síta ṣe? Omi wà nínú àmù, mo ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè ọ́." Fóònù ọmọ aládùúgbò Mẹ̀dínátù ni Toyibat ti gba ohùn náà, kò sì sọ fún ẹnì kankan.

Sàlímọ́tù fi etí ìborùn nu ojú, omi tún jáde, ó fi í sílẹ̀ kó máa ṣàn.

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n mi," ó dá fóònù lóhùn. "Èmi ni mo dé."

Àbẹ̀ní wọlé, ilẹ̀kùn pa dé, géèmù tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mùnírù na ọwọ́. "Màmá, ẹ jẹ́ kémi náà gbìyànjú ẹ̀ wò."

Sàlímọ́tù yára gbé fóònù náà sábẹ́ ìborùn.

"Gbọ́wọ́ ẹ kúrò ńbẹ̀," ó ní. "O ti kó tìẹ. Èmi ló kàn."