Bíréèkì Àbẹ̀ní

Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìfẹ́ ọkọ̀ bá ti gbà lọ́kàn, ṣé ó tún mọ orí yàtọ̀ sí ẹsẹ̀?

Ògúntádé ará Muṣin ní Píjò àtijọ́ kan, ó dàgbà ju àkọ́bí rẹ̀ lọ. Àbẹ̀ní ló sọ ọ́. Láàárọ̀, kó tó kí ìyàwó rẹ̀, á ti dúró níwájú ọkọ̀ náà tòun ti táwẹ̀lì lọ́rùn, á máa kì í: "Àbẹ̀ní, ọmọ a-wúkọ́-kó-tó-dìde! A-mu-omi-bí-ẹṣin, a-rú-èéfín-bí-ilé-ìdáná! Ìwọ tó o gun òkè Ìbàdàn, tí jíìpù ń mí hẹlẹ lẹ́yìn rẹ!"

Motọ́lání, ìyàwó rẹ̀, á yọrí lójú fèrèsé. "Ẹ bá mi kí orogún mi o. Ẹ sọ fún un pé abọ́ àná ń dúró dè é."

Ẹ̀fẹ̀ lásán ni, títí di ọjọ́ Àìkú kan ní Ìdí-Àràbà. Wọ́n ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ògúntádé tẹ bíréèkì, Àbẹ̀ní ò dá a lóhùn. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó ké pe Jésù, Àbẹ̀ní ṣì ń lọ, ó rọra fi imú ti àtẹ ọlọ́sàn ṣubú. Ọsàn fọ́n ká títì bí ọmọ iléèwé tó gbọ́ aago ìṣeré. Motọ́lání sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ ọlọ́sàn, ó bá a ṣa ọsàn tán, ó wá kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ayọ̀miídé, láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa ni mo ti ń jókòó tì yín nínú ọkọ̀ yìí. Ó tán. Ọjọ́ tó bá mọ̀ bí wọ́n ṣe ń dúró ni màá tó tún wọ̀ ọ́."

Ó wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sílé. Ògúntádé wo ìjókòó tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dà bí ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó di ọjà Ládípọ̀, lọ́dọ̀ Taoheed tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àtijọ́.

"Bàbá, Píjò yìí náà ni? Mo rò pé ọkọ̀ Nóà lẹ fẹ́ tún ṣe."

"Tí Nóà bá ní bíréèkì, ṣé orí òkè ni ì bá lọ dúró sí? Mú páàdì bíréèkì wá."

Taoheed gbé méjì kalẹ̀: tuntun tó ń dán nínú páálí, àti tòkunbọ̀ tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ògúntádé fi èékánná họ tuntun, ó ń bó bí èèpo búrẹ́dì. Ó ju ìyẹn sílẹ̀. Ó gbá tòkunbọ̀ mọ́ irin, ó dún gbọin. Ó gbé e sétí, ó tún gbá a.

"Ẹ tọ́ ọ wò náà, Bàbá, bóyá iyọ̀ rẹ̀ ò tó."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ọmọ yìí. Ìyàwó mi ni mo fẹ́ fi èyí bẹ̀."

Ó mú tòkunbọ̀. Ì bá gbé e fún mẹkáníìkì tààrà. Ṣùgbọ́n Ògúntádé kì í wọ bàtà tuntun láìgbàdúrà sí i, ká má tíì sọ ti páàdì tó fẹ́ dá ilé rẹ̀ padà. Ó tò wọ́n sórí tábìlì pálọ̀, ó kúnlẹ̀, ó ṣí òróró àdúrà, ó sì fi pa wọ́n lára lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi mu ún yó.

"Olúwa, ìwọ tó o dá oòrùn dúró fún Jóṣúà, bá mi dá Àbẹ̀ní dúró."

Ó fi áńkáṣífù nu ojú wọn gbẹ. Nígbà tí Abdulfatai mẹkáníìkì ń dè wọ́n mọ́ ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò rí nǹkan kan.

Motọ́lání jáde síta, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti wò ó. Ògúntádé wa ọkọ̀ bọ̀, ó fi ẹ̀rín kí i, ó tẹ bíréèkì. Àbẹ̀ní yọ̀ kọjá lójú rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó lọ forí sọ òkìtì yanrìn bírìkìlà.

"Taoheed ti pa mí!" Ògúntádé ní kí Abdulfatai tú páàdì náà, ó dì wọ́n sínú ọ̀rá, ó kọrí sí Ládípọ̀. Motọ́lání tẹ̀ lé e. Òun lè bú ọkọ òun nílé, ṣùgbọ́n kí ará ìta rẹ́ ẹ jẹ, ìyẹn ò ṣẹlẹ̀ rí. Ohùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé o fẹ́ sọ mí dopó ni?"

"Mọ́mì, ẹ ṣe sùúrù! Wáláhì, páàdì mi dáa!"

"Ó dáa? Gbóòórùn rẹ̀!" Motọ́lání yọ páàdì nínú ọ̀rá, ó nà án sí i nímú. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú. Ó dá a padà sí imú ara rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún un gbọ́. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Bàbá Ayọ̀miídé. Ṣé òróró àdúrà wa kọ́ nìyí?"

Ògúntádé na ọrùn. "Òun ni. Ohun mímọ́ kì í ba nǹkan jẹ́."

"Nǹkan tó yẹ kó di táyà mú gírígírí, ẹ wá fi òróró pa á lára?"

"Yéè!" Taoheed di ikùn mú. "Bàbá, mo ta páàdì fún yín, ẹ lọ fi dín àkàrà!"

Gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ògúntádé wolẹ̀. "Torí tìẹ ni," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí ìyàwó rẹ̀. "Mo ní kí Ọlọ́run bá mi dá a dúró tí o bá wà níbẹ̀."

Motọ́lání fúnra rẹ̀ yan òmíràn nínú tòkunbọ̀ Taoheed, ó gbá a mọ́ irin bí ọkọ rẹ̀ ti ṣe, ó sọ ọ́ sínú báàgì rẹ̀.

"Ẹ ò ní fọwọ́ kan èyí títí Abdulfatai á fi dè é tán. Ẹ fi ẹnu gbàdúrà."

Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, Ògúntádé tún wa Àbẹ̀ní bọ̀ lójú títì. Ó tẹ bíréèkì. Táyà ké, Àbẹ̀ní dúró gbagidi níwájú Motọ́lání. Abdulfatai pàtẹ́wọ́. Motọ́lání ká ọwọ́ mọ́ àyà, kò mira.

Oríkì kún Ògúntádé lẹ́nu, ó gbé e mì. Ó na ọwọ́ kọjá ìjókòó, ó ṣí ilẹ̀kùn láti inú.

"Ìyá Ayọ̀miídé," ó ní, "jọ̀ọ́, wá jókòó tì mí."