Ohun Tó Wà Nínú Àgúnmu Ìyá Kúlúsúmù

"Olúṣẹ́gun, ta ló fọwọ́ kan ìgò mi?"

Olúṣẹ́gun, tí òun àti Yẹ̀kínì jọ ń ṣiṣẹ́ ìwádìí kẹ́místìrì ní yunifásítì, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Kí ni mo fẹ́ fi àgúnmu ilé yín ṣe?"

Yẹ̀kínì tún tẹ́ bébà gígùn tó gbà láti Lọ́ńdọ̀nù sórí tábìlì. Lọ́dún 1969 yẹn, kò rí ẹ̀rọ tó lè ya irú rẹ̀ n'Íbàdàn. Lọ́ńdọ̀nù ló fi èròjà tó yọ nínú àgúnmu ibà Ìyá Kúlúsúmù, àbúrò bàbá rẹ̀, ránṣẹ́ sí. Ìlà ṣóńṣó-ṣóńṣó ló kún orí bébà náà. Kábọ́ọ̀nù ló ń fa ìlà kọ̀ọ̀kan, ibi tí ìlà bá sì dúró sí ló ń sọ irú aládùúgbò tí kábọ́ọ̀nù náà ní, ìyẹn èròjà tó so mọ́ ọn. Méjì tí ipò wọn bá bára mu a máa pín ìlà kan ṣoṣo.

Èròjà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí ni Yẹ̀kínì ń retí. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń to àwọn kábọ́ọ̀nù náà pọ̀, kulorokúìnì ló ń jáde, oògùn ibà oníhóró funfun tó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì.

"Ẹnìkan da nǹkan mọ́ ọn," ó ní.

"Èmi kọ́ o. Lọ wo ilé yín."

Yẹ̀kínì wá rántí pé ara máa ń yún àwọn tó bá lo àgúnmu náà, bó ṣe máa ń yún ẹni tó bá lo kulorokúìnì. Nílé, wọ́n máa ń sọ pé ibà ló ń jáde. Ó tún rántí Yésúfù, ọmọ Ìyá, tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan ní Bẹẹrẹ.

Ibẹ̀ ló kọ́kọ́ yà sí. "Ṣé ìwọ lò ń kó kulorokúìnì fún Ìyá?"

Yésúfù yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ bi Ìyá."

Ní Pópó Yemọja, Ìyá Kúlúsúmù jókòó ti igbá àgúnmu nínú ọ̀ọ̀dẹ̀. Nígbà tó gbọ́ orúkọ oògùn náà, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹ̀rọ ni, Ìyá."

"Wọ́n ti kọ́lé sí igbó tí a ti ń wa egbò. Èyí tí mò ń rà kò ran ibà mọ́. Ọmọ Sẹ̀gilọlá lò ó, ó kú. Ṣé kí n máa wò wọ́n kí wọ́n máa kú ni?"

"Ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Bí mo bá sọ pé oògùn òyìnbó ni, ta ló máa gbà á lọ́wọ́ mi?"

"Ìyá, bí ọmọ bá ti lo kulorokúìnì ti dísípẹ́ńsárì, tó tún lo tiwa lé e, ó lè pa á."

"Ṣé kì í ṣe pé o fẹ́ ba tèmi jẹ́?"

Kó tó dáhùn, Rachel, ìyàwó tíṣà tó ń gbé ládùúgbò, wọlé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. "Ìyá, ẹ fún mi ní ti ọmọdé. Dísípẹ́ńsárì fún un lóògùn láàárọ̀, ara rẹ̀ ṣì gbóná."

Ìyá Kúlúsúmù fa ọmọrí bo igbá náà. "Ó ti tán."

"Èyí tó kún igbá yìí ńkọ́?" Rachel wo Yẹ̀kínì, ó wo báàgì rẹ̀ tó ní orúkọ yunifásítì lára. "Ó ti yé mi. Ẹ̀yin ará yunifásítì ti rà á tán, kí ẹ lè lọ tà á fún òyìnbó. Àbí irọ́ ni?"

Ìyá wolẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu Yẹ̀kínì, ó gbé e mì.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Gbogbo rẹ̀ ni mo rà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọmọ padà sí dísípẹ́ńsárì. Ẹ jẹ́ kí n sìn yín lọ."

"Èmi pẹ̀lú yín? Láéláé!" Rachel pòṣé, ó jáde.

Yẹ̀kínì jẹ́ kó síwájú dáadáa. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ lé e lókèèrè, títí ó fi rí i tó yà wọ ọgbà dísípẹ́ńsárì.