Ọmọ Ọlọ Ìyá Àgbà

Irun ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní Sátidé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní tó ń kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta gbé òòlù, tí wọ́n forí lé ẹ̀yìn Ibogun, ilé onídìrí ní Mowe ni Àsmá'ù jókòó sí. Bẹ́ẹ̀ Dókítà Olúgbádé, olùkọ́ wọn, ti ṣàlàyé: kí kálukú fọwọ́ ara rẹ̀ yọ òkúta kan nínú ilẹ̀ agbègbè wọn, kó mú un wá ní Mọ́ńdè. Ẹni tí kò bá mú un wá, kó máa múra àtitún kọ́ọ̀sì náà ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.

Mọ́ńdè mọ́, ọwọ́ Àsmá'ù ṣófo. Ó wo ẹ̀yìnkùlé ìyá ìyá rẹ̀ ní Ifo yípo, yẹ̀pẹ̀ pupa lásán ni, kò sí òkúta tó tó èkùrọ́. Ni ojú rẹ̀ bá bọ́ sórí ọlọ. Ìyá ọlọ tóbi, ta ló lè gbé e? Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ tí wọ́n fi ń lọ ata lórí rẹ̀ ń dán, ó sì wọ ọwọ́ bíi búrẹ́dì. Kíá, ó ti ṣan án lómi, ó ti jù ú sí báàgì. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé adìẹ òtòṣì gbé ti aláròyé. Ẹni tó wá gbé ọmọ ọlọ arúgbó ńkọ́?

"Níbo lo ti rí èyí?" Dókítà Olúgbádé bi í ní kíláàsì.

"Létí odò kan lẹ́yìn ilé wa, sà. Mo gbẹ́ ẹ títí ọwọ́ mi fi bó."

Jésùlayọ̀mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀, yọjú wo èékánná rẹ̀ tó gùn gbọọrọ. "Òòlù yẹn mà mọ èèyàn án kẹ́ o."

"Panu ẹ mọ́, jàre."

Dókítà yìí sì ní àṣà kan. Òkúta tó bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, yóò tọ́ ọ wò. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ahọ́n, amọ̀ wà nínú rẹ̀. Èyí tó bá ń dun eyín bíi gààrí oníyanrìn, yanrìn ni. Gbogbo kíláàsì ló mọ̀. Irun kò jẹ́ kí Àsmá'ù rántí. Kó tó la ẹnu, ọ̀gá ti lá òkúta.

Ó lá a lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ó tún un lá. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Haa! Ṣṣṣ! Omi! Ẹ fún mi lómi!"

Ata tó ti ń wọ inú òkúta láti àádọ́ta ọdún kò mọ̀ pé ẹnì kan ṣan òun láàárọ̀. Irọ́ a máa tanná, kì í so. Ti Àsmá'ù so, ata rodo ló so.

Ọ̀gá mu omi ìgò kan tán kó tó lè sọ̀rọ̀. "Òkúta yìí ti tó ẹgbẹ̀ta mílíọ̀nù ọdún, ṣùgbọ́n ata orí rẹ̀, ti àná ni." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "Gíránáìtì nìyí. Yanrìn àti òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ló wà lábẹ́ Ifo. Àlejò ni èyí. Ta ló mú un wá? Mú ìtàn rẹ̀ wá lọ́la. Bí o bá tún purọ́, ìwọ lo máa lá a."

Ìyá Àgbà ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nílé, ọwọ́ níbàdí. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń fi ìgò lọ ata, Àsmá'ù!"

Àsmá'ù kúnlẹ̀, ó ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Àgbà bú u títí, ṣùgbọ́n nígbà tó kan ibi tí tíṣà ti ń bẹ̀bẹ̀ omi, ẹ̀rín gbé e ṣánlẹ̀. "Lá ìláhà ìlàllàhù! Ó fẹnu lá ọlọ mi?"

Lọ́jọ́ kejì, ó ní òkúta òun kò tún ní dá jáde nílé mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó níwájú kíláàsì, ọmọ ọlọ lórí itan, tó ń sọ bí ọkọ òun ṣe gbé ọlọ àtọmọ rẹ̀ láti ẹsẹ̀ àpáta kan ní Abẹ́òkúta, wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Ifo lọ́dún tó fẹ́ òun, tí àwọn èrò ọkọ̀ ń bi í bóyá òkúta méjì ló fẹ́ fi kọ́lé.

Dókítà Olúgbádé kọ máàkì sílẹ̀. Ó fi díẹ̀ gba Àsmá'ù là. "Ìyá àgbà rẹ ló pàásì o," ó ní. Ó wá na ọwọ́ pé kí òun tún fi ojú kan òkúta náà.

Ìyá Àgbà fà á sẹ́yìn. "Tíṣà, bí ebi bá ń pa yín, ẹ yà sílé wa ní Ifo, ẹ jẹun. Ẹ má lá ọlọ mi mọ́."