Òṣùwọ̀n Joshua

Kò sí àgbẹ̀ kan ní Ago Alaye tí kò mọ̀ pé òṣùwọ̀n Joshua tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn ń jalè. Àpò kòkó tí ọkùnrin méjì kérora gbé wá, tó bá ti dórí ẹ̀, á kàn fúyẹ́ ṣáá ni. Síbẹ̀, orí ẹ̀ náà ni Magdalene ń mú ọkọ ẹ̀, Owólabí, gùn láràárọ̀ kó tó fẹnu kan oúnjẹ. Dókítà kan ní Ore ló ní kó máa wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀: ọkàn bàbá ò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, omi lè máa dá dúró sí i lára. Bó bá ṣàdédé wúwo sí i, kí wọ́n má jáfara. Ibo ni wọ́n sì ti fẹ́ rí òṣùwọ̀n tara wọn rà, nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ṣọ́jà gbé dé, ti sọ ọṣẹ ìfọṣọ pàápàá di ọ̀wọ́n?

"Olè ni lóòótọ́," Magdalene máa ń sọ, "àmọ́ bó ṣe jí lánàá náà ló ń jí lónìí. Tí wọ́n bá wúwo sí i, a máa mọ̀."

Ó di àárọ̀ Mọ́ńdè kan, ọwọ́ òṣùwọ̀n fò kọjá ibi tó máa ń dúró. Kílò mẹ́ta ló fi lé! Àyà Magdalene já. Owólabí ní tiẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Joshua ti tún un ṣe ni! Ṣé o ò gbọ́ pé àwọn ṣọ́jà ń kó àwọn olóṣùwọ̀n èké? Èyí tó ń jí lára mi tẹ́lẹ̀ ló dá padà yẹn."

Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ jọ òótọ́, torí Joshua fúnra ẹ̀ ti pariwo káàkiri pé òun ti tún un ṣe. Magdalene sì fẹ́ gbà á gbọ́, Ọlọ́run ló mọ̀. Ta ni ò ní fẹ́ kí ọkọ òun sanra nígbà tí gbogbo ìlú ń rù? Àmọ́ bí bàbá ṣe sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò wọ sálúbàtà mọ́, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ore, Bàbá Ọmọ́wùmí."

"Torí òṣùwọ̀n tí wọ́n tún ṣe? Mi ò lọ síbì kankan."

Ó mọ orí kunkun ọkọ ẹ̀. Ló bá kọjú sí Joshua, lójú gbogbo àwọn àgbẹ̀ tó jókòó lé àpò kòkó wọn.

"Joshua, ṣé lóòótọ́ lo tún un ṣe?"

"Mo tún un ṣe kẹ̀, Ìyá Ọmọ́wùmí."

"Má fi èyí ṣeré o. Tó o bá tún un ṣe, ilé là ń lọ. Tó ò bá tún un ṣe, omi ló ń kún wọn lára, wọ́n lè kú."

Joshua wo àwọn àgbẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ Owólabí tó wú. Òógùn bò ó.

"Mi ò fọwọ́ kàn án o," ó wí. "Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà."

"Háà! Ìwọ olè yìí!" Ariwo ta. Kí wọ́n tó dìde tán, Joshua ti di bàbá mú lápá, ó ń mú un lọ síbi ọkọ̀ ẹ̀. Magdalene jókòó tì wọ́n nínú ọkọ̀, inú ń bí i sí Joshua, ó sì ń wù ú kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ní ọ̀nà Ore, Owólabí fi èémí tó kù yíjú sí Joshua tó ń wakọ̀. "Láti ìgbà wo lo ti ń jẹ kòkó mi?"

"Ẹ kọ́kọ́ yè ná, bàbá. Tẹ́ ẹ bá dé, kẹ́ ẹ wá bá mi jà."

"Màá yè," ni Owólabí wí. "Torí ìjà yẹn nìkan, màá yè."