Imú Tí Ó Kọ Ọṣẹ

Bí imú kan bá kọ ìkòkò ọṣẹ mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ṣé ọṣẹ ni ó bàjẹ́ ni, àbí imú? Ìbéèrè yìí ni gbogbo ilé iṣẹ́ náà ń gbé kiri, ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì mọ ìdáhùn rẹ̀.

Imú-Kì-í-Purọ́ ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó ti ń jókòó sídìí tábìlì ẹ̀bá ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń gé ọṣẹ kan wá fún un láti inú ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Á rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, á gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá dára, á lù ú ní òǹtẹ̀. Bí kò bá dára, á dojú rẹ̀ délẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì bi í léèrè ìdí.

Lọ́sẹ̀ yìí, mẹ́rin ni ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Wọ́n da ọṣẹ nù, wọ́n fọ àgbá òróró, wọ́n pààrọ̀ omi. Ohun tí ó kù láti pààrọ̀ kò ju Bàbá Ìdí-Ìkòkò lọ, àgbàlagbà tí ó ti ń se ọṣẹ níbẹ̀ láti ìgbà tí ọ̀gá wọn ṣì ń rá kòrò.

Obìnrin náà ti rò ó síwá sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ ọṣẹ ni, kí ló dé tí búrẹ́dì pàápàá ń rùn? Kí ló dé tí omi ẹ̀rọ ń rùn bí irin, tí ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fọ̀ ń lé e jáde nínú yàrá? Ohun kan ṣoṣo tí ó pa gbogbo wọn pọ̀ ni òun alára. Ọ̀sẹ̀ méje ti kọjá tí ó ti rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn. Kò sì lè lu òǹtẹ̀ sí ohun tí imú rẹ̀ kọ̀; irọ́ gan-an ni ìyẹn lójú tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n oyún méjì ti wálẹ̀ lára rẹ̀ rí. Ó fi ayọ̀ ròyìn èkejì ká ilé iṣẹ́. Ẹnu kan náà ni ó wá fi ń dá àwọn abánikẹ́dùn lóhùn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pinnu pé ti ẹ̀kẹta yìí, ikùn ni yóò ròyìn ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá pe Bàbá wá sídìí tábìlì náà.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ó ti rẹ ọwọ́ yín. Ẹ lọ sinmi nílé."

"Ọwọ́ mi?" Bàbá na méjèèjì síwájú. "Ọwọ́ yìí ló se ọṣẹ tí wọ́n fi wẹ̀ yín ní kékeré o! Ṣé ẹ rí i kó gbọ̀n ni?"

"Imú ò purọ́, Bàbá."

"Òótọ́ ni." Ó kọjú sí obìnrin náà. "Ọmọ mi, mi ò bá ọ jà. Ṣáà sọ ohun tí mo ṣì fi sí i fún mi. Àbí bàtà mi ló já sínú ìkòkò?"

Obìnrin náà tún rò ó wò. Dídákẹ́ kò lè pa oyún mọ́, sísọ kò sì lè bà á jẹ́. Ẹni tí dídákẹ́ náà ń bà jẹ́ ni Bàbá tí ó dúró yìí, tí ó ti ń tú okùn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá gbé ọṣẹ kan sún mọ́ imú obìnrin náà, kí ó fi ṣe ẹ̀rí. Èébì gbé e. Ó fa garawa tí ó wà lẹ́sẹ̀ tábìlì, ó bì sínú rẹ̀, ó nu ẹnu.

"Ẹ ò rí i, Bàbá? Ọṣẹ tó ń mú èèyàn bì!" ni ọ̀gá ké.

"Ọ̀gá, ẹ fi Bàbá sílẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Ọṣẹ yín dára, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Oyún ni mo ní."